Oògùn ọ̀fẹ́ tí dókítà fún màmá mi, kí ló dé tó jẹ́ olówó ńlá ló padà kọ?

Ọmọ Alágbàka:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Àkúrẹ́. Màmá mi lọ sí ọsibítù aládàáni kan, wọ́n ní BP ẹ̀ ti ga, dókítà bá ṣí dúrọ́ọ̀ ó mú páálí oògùn kékeré kan jáde, ó ní kí wọ́n máa lo èyí ná, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ pé sample ni, kò wà fún títà. Àdúrà la gbà fún un títí. Ìgbà tó tán, orúkọ oògùn yẹn gan-an ló kọ fún wa, mo dé kẹ́mísì lọ́nà Ọba Adéṣidà, iye tí wọ́n pè, orí mi fò lọ. Amlodipine náà, ìyẹn oògùn BP, ló wà nínú ẹ̀ o! Amlodipine míì wà lórí pẹpẹ níbẹ̀ tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó ẹ̀. Ṣé ọ̀fẹ́ yẹn ló ń darí ọwọ́ dókítà ni àbí mò ń rò ó jù?

Apòògùn Òǹdó:
Ẹ ò rò ó jù rárá. Àwọn rep, ìyẹn àwọn tí ilé iṣẹ́ oògùn ń rán sí dókítà láti polówó ọjà wọn, kì í sábà gbé oògùn tó ti pọ̀ lọ́jà wá, tuntun tó gbówó lórí ni wọ́n ń kó kiri, èyí tó bá sì wà nínú dúrọ́ọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí dókítà lọ́kàn. Àwọn ara Yunifásítì Stanford l'Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde ní 2014 lórí àwọn dókítà awọ ara tó ń tọ́jú irorẹ́. Níbi tí wọ́n ti ń gba sample, oògùn tí wọ́n ń kọ fún aláìsàn lẹ́ẹ̀kan tó nǹkan bíi $465, ibi tí wọn ò ti gbà á, nǹkan bíi $200. Irorẹ́ kan náà o!

Nọ́ọ̀sì Òkè-Àró:
Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ gbogbo ẹ̀. Èèyàn á wá láti Ìdànrè, owó ọkọ̀ nìkan ló kù lọ́wọ́ ẹ̀, BP ti wọ 200, ṣé ká ní kó máa lọ ni? Sample yẹn la fi ń dóòlà irú wọn.

Apòògùn Òǹdó:
Àǹtí Nọ́ọ̀sì, òótọ́ ni, lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ BP kì í ṣe ibà téèyàn máa lo oògùn ẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kó tán, ẹni tí kò lówó yẹn náà lẹ fi olówó ńlá bẹ̀rẹ̀ fún, tí kò bá rí i rà mọ́ ó máa dá a dúró, ibẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ ti ń wọlé, ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ọmọ Alágbàka, ẹ má pààrọ̀ ẹ̀ fúnra yín o, ẹ padà lọ bá dókítà kó kọ amlodipine nìkan, láìsí orúkọ ilé iṣẹ́ kankan, pẹ̀lú mílígírámù ẹ̀, kẹ́ ẹ wá wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ọmọ Alágbàka:
Ẹ ṣé gan-an sà. Màmá ní dókítà máa bínú o.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Àró:
Kò ní bínú jàre, ẹ ṣáà sọ pé agbára yín ò gbé e. Ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í sọ ọ́, dókítà á rò pé wọ́n ń rà á ni.