Kànga tó ń rùn bí òjò bá dé: ẹ wá sọ tiyín

Onílé, Àkóbọ̀:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, omi kànga wa mọ́ lóló. Àmọ́ bí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra, òórùn ẹyin bíbàjẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, fóòmù ọṣẹ á sì máa léfòó lójú omi. Agbẹ́kànga wá gbọ́n ọn, ó kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, ó da kẹ́míkà sí i. Kò pẹ́ tí òórùn náà tún padà.

Mo wá gun àkàbà wo ẹ̀yìn fẹ́ǹsì. Sókàwéè aládùúgbò wa, ìyẹn ihò tí omi ìdọ̀tí ilé ń gbà rì sínú ilẹ̀, ló wà níbẹ̀, kò jìnnà sí kànga wa rárá. Ọkùnrin náà kò sì ṣe é láti fi ni wá lára: kànga tirẹ̀ ló ń sá fún!

Mítà 30 ni wọ́n sábà máa ń ní kó wà láàárín kànga àti ihò ìdọ̀tí, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà 100. Ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú, 100 ní gígùn sì ni ọ̀pọ̀ pulọ́ọ̀tì tiwa. Tẹ́ ẹ bá gbé ọ̀kan síwájú tẹ́ ẹ gbé ìkejì sẹ́yìn, agbára káká ló fi máa pé, a ò sì tíì sọ ti aládùúgbò. Lójú tèmi, kí ẹni tó fẹ́ gbẹ́lẹ̀ kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn gbogbo ilé tó yí i ká, kó tó pe agbẹ́kànga.

Aládùúgbò wa ò bínú, Ọlọ́run ṣe é. A jọ pe ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣí sẹ́pítíìkì rẹ̀, ìyẹn táǹkì tí ìgbẹ́ ń kọ́kọ́ wọ̀, ó ti kún débi pé ìdọ̀tí tó yẹ kó sùn sísàlẹ̀ ti ń bá omi lọ sínú sókàwéè, ó sì ti dí i. Omi tí ilẹ̀ ì bá máa fà mu díẹ̀díẹ̀ wá ń wá ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. Lásìkò òjò, omi inú ilẹ̀ á tún gòkè wá pàdé rẹ̀. Òórùn ti dínkù báyìí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ilé nìkan la ń fi omi kànga náà fọ̀.

Ìyá onílé, Àpáta:
Ẹ kú làálàá, bàbá. Àwọn ayálégbé mi gbà pé álọ́ọ̀mù tí wọ́n ń dà sómi ti parí ọ̀rọ̀, torí omi mọ́ gaara. Ẹrẹ̀ ló ń mú sùn sílẹ̀, kì í pa kòkòrò àrùn! Mo ní kí wọ́n sè é kó hó dáadáa kí wọ́n tó mu ún. Ẹ sì yéé da Izal sínú ilé ìgbẹ́ lójoojúmọ́. Àwọn kòkòrò tó ń bá yín jẹ ìgbẹ́ inú sẹ́pítíìkì lẹ̀ ń pa.

Ayálégbé, Agbowó:
Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n fẹ́ fi okùn sọ jẹnẹrétọ̀ kalẹ̀ sínú kànga kí wọ́n lè fi pọ́ǹpù gbọ́n ọn. Bàbá bíríkìlà kan ló pariwo mọ́ wọn. Májèlé inú èéfín jẹnẹrétọ̀ ò ní òórùn, kẹ́nì kan tó mọ̀, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ti kú. Ìta ni wọ́n gbé e sí nígbẹ̀yìn, wọ́n na wáyà wọ inú kànga.

Onílé Àkóbọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, èló ni ọkọ̀ yẹn gbà? Ìdọ̀tí sẹ́pítíìkì tiwa ti ń ru sókè ní bálùwẹ̀.