"Gba òjìji" kẹ̀? Èmi ò fara mọ́ ọn o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo rí i pé ẹ ti ń kan sáárá sí ẹni tó ní kí á máa pe "give umbrage" àtijọ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì (ìyẹn, kí á ṣẹ ènìyàn) ní "fún ènìyàn ní òjìji", kí "take umbrage" (kí ọ̀rọ̀ bí ènìyàn nínú) sì di "gba òjìji". Àlàyé rẹ̀ ni pé umbra ni òjìji lédè Látìn, pé ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá ọ̀rọ̀ náà, àti pé ẹṣin tó bá ń ta gìrì sí òjìji, ombrageux ni Faransé ń pè é. Ó kàwé, mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n ẹṣin Faransé lẹṣin yẹn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń lo ọ̀rọ̀ ọ̀hún gan-an ti gbàgbé òjìji inú rẹ̀, ìbínú nìkan ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Àwa la wá fẹ́ lọ hú u jáde!

Lọ́dọ̀ tiwa, ta ni òjìji ṣẹ̀ rí? Ẹ ṣí Sáàmù 91: "yóò máa gbé abẹ́ òjìji Olódùmarè". Bí mo bá fún yín ní òjìji, ṣé ẹ ò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni? Ẹ tún wá yọ àmì orí rẹ̀ kúrò bí ọ̀pọ̀ yín ti máa ń ṣe, ẹ ò ní mọ̀ bóyá òjìji ni àbí òjijì.

"Gba" yẹn gan-an ló ká mi lára jù. Gẹ̀ẹ́sì ló ń na ọwọ́ gba ìbínú bí ẹni gba owó oṣù. Àwa ńkọ́? Inú bí mi. Ó dùn mí. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Ọ̀rọ̀ ló wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Bí ẹnìkan bá sì fà á, orúkọ rẹ̀ ló ń ṣíwájú: Làmọ̀rín ṣẹ̀ mí.

Ìyá bàbá mi kì í wá ọ̀rọ̀ tì. Bí nǹkan ò bá tíì tó ìjà, á ní "ọ̀rọ̀ yẹn gbòdì lára mi", gbogbo agbolé á sì ti mọ̀ pé kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á fò dìde pé "gba" ṣáà wà nínú gbòdì. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ló gba òdì, ìyá àgbà ò gba nǹkan kan.

Ẹ̀yin tí ẹ sì kọ ọ́ ní "gba odì", ẹ jọ̀ọ́! Odi ni wọ́n mọ yí ìlú ká, odì ni à ń bá ara wa yàn, òdì ló wà nínú gbòdì. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá kí ẹ tó mọ bọ́tìnnì tẹ̀, ṣé èmi ló yẹ kí n máa ṣàlàyé ìyẹn fún àgbà?

Alàgbà tó sọ pé oògùn àti oúnjẹ nìkan ló ń gbòdì lára ènìyàn, ẹ sọ ìlú tí ẹ ti gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀yọ́ ni mo ti gbọ́ tèmi.