Kí lẹ ń rí nínú búlọ́ọ̀gì tí kò mówó wọlé?
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ kan. Àbúrò mi obìnrin ń kọ búlọ́ọ̀gì, ìyẹn ojú ewé tiẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lórí Blogger, ìkànnì fún kíkọ búlọ́ọ̀gì tí Google rà ní 2003. Kò sí ìpolówó lórí búlọ́ọ̀gì rẹ̀, kò sì rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ohun tó kọ kẹ́yìn ni bí ìyá wa ṣe ń ro àmàlà: bó ṣe ń fi omi gbígbóná wọ́n ọn, tó ń dé e kó lè jinná dáadáa, kó tó wá fi omorogùn rò ó títí tí kò fi ní kókó mọ́. Ẹnì kan tí a ò mọ̀ rí kọ̀wé sí i láti London pé òun sunkún nígbà tóun kà á. Ṣe lẹ máa rò pé ó jẹ tẹ́tẹ́!

Kò yé mi. Ṣebí Facebook àti WhatsApp wà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ irú ẹ̀, kí ló ń fà yín? Ṣé torí pé ẹ lè rí ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn padà ni, àbí òǹkàwé lẹ ń wá? Àbúrò mi ní kí n bẹ̀rẹ̀ tèmi náà (mo fura pé kí n lè yé yọ ọ́ lẹ́nu ni). Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn mí: nígbà tẹ́nikẹ́ni ò tíì máa kà á, kí ló mú yín dúró?