Orúkọ wo ló yẹ agbára irin nínú iná?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú orúkọ Yorùbá tí à ń wá fún ọ̀rọ̀ irin, àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ fèsì sí: kí á pe sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì ní "irin aláìdógùn-ún", kí á pe agbára tó ní láti má jẹ́ kí ọ́síjìn bà á jẹ́ nínú iná ní "ìtakò ọ́síjìn", kí á sì pe èròjà kékeré tí wọ́n ń fi sí i ní "èènì". Mo fara mọ́ àkọ́kọ́. Fún irin tó wà nínú òjò àti ìrì, orúkọ náà bá a mu. Èkejì ni mo ní ìjà bá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo "dógùn-ún" fúnra rẹ̀. Níbi tí omi àti afẹ́fẹ́ bá ti pàdé lára irin la ti ń sọ pé ó dógùn-ún, ìpáàrà pupa a sì máa rún dànù bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Nínú ìléru tó gbóná tó 900°C, irin kò dúró de omi. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ nìkan ti tó. Ohun tó ń hù lára rẹ̀ níbẹ̀ le, ó sì dúdú tàbí kó rí bí eérú. Àwọn alágbẹ̀dẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ló ń bó sílẹ̀ nígbà tí òòlù bá bà lé irin gbígbóná. "Èèpo" ni mo fẹ́ ká pè é, nítorí pé láti ara irin ló ti ń jáde bí èèpo igi ṣe ń jáde láti ara igi.

Ibi tí "ìtakò" ti ṣì wá lọ́nà nìyí. Irin aláìdógùn-ún kò ta ko ọ́síjìn rárá. Kirómíọ́mù, irú irin mìíràn tí wọ́n pò mọ́ ọn, tí kì í dín ní 10.5%, ń sáré gba ọ́síjìn kí irin fúnra rẹ̀ tó gbà á, kirómíọ́mù àti ọ́síjìn a sì di èèpo tó dí pinpin. Èèpo yìí ló wá ń sọ ọ́síjìn yòókù di ẹni tí ń rá pálá wọlé. Ẹni tó bá gbọ́ "ìtakò" yóò rò pé irin ò gbà á láyè láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀. "Ìfaradà" ni mo fara mọ́.

Mo ti jókòó ti irin aláìdógùn-ún kan rí nígbà tí wọ́n yọ ọ́ nínú ìléru. Nígbà tó ń tutù, ẹ óò gbọ́ tó ń ta pá, pá, pá, èèpo wínníwínní a sì máa fò kúrò lára rẹ̀. Bí irin irú èyí bá ń tutù, ó ń súnkì tó bí ìlọ́po méjì ti èèpo, èèpo kò sì lè bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà kí irin 304, irú irin aláìdógùn-ún kan tó ní kirómíọ́mù 18% àti níkẹ̀lì 8%, wà nínú 925°C bí kò bá ní jáde, ṣùgbọ́n tí wọ́n dín in sí 870°C bí ó bá ń wọlé tó ń jáde. Bíbó yìí náà nílò orúkọ. "Ìbó" ti tó, a ò ní láti wá a lọ jìnnà.

Ó wá kan "èènì". Mo mọ̀ pé kíkéré rẹ̀ lẹ ń wò, ó sì kéré lóòótọ́: irin aláìdógùn-ún kan wà tí sẹ́ríọ́mù, ọ̀kan lára irú èròjà kékeré yìí, kò ju nǹkan bí 0.05% lọ nínú rẹ̀, ìyẹn ìlàjì kílò nínú tọ́ọ̀nù kan, síbẹ̀ irin náà ṣeé lò títí dé nǹkan bí 1,150°C. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọjà ni èènì ń dé, ọjà sì pé láìsí i. Sẹ́ríọ́mù kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń so imí-ọjọ́ inú irin mọ́lẹ̀ kí ó má baà lọ sábẹ́ èèpo lọ tú u. Láìsí i, kirómíọ́mù ló ń gba inú èèpo jáde lọ pàdé ọ́síjìn, ihò a sì máa ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀, ọ́síjìn ló ń wọlé wá, èèpo a sì máa lẹ̀ típẹ́. Láti 1937 ni onímọ̀ irin kan tó ń jẹ́ Pfeil ti gba ìwé àṣẹ lórí irú èròjà báyìí nínú irin tó ń fara da ooru. Ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ fún iṣẹ́ ni, nítorí náà "àfibọ̀ bíńtín" ni tèmi. Ẹ má jẹ́ ká lo "àbùlà", torí ohun tí wọ́n bù là ti pàdánù agbára rẹ̀, "àbùmọ́" sì ti di àsọdùn lẹ́nu gbogbo wa.

Bí a bá kó o pọ̀, yóò kà báyìí: "ìfaradà ọ́síjìn nínú ooru gíga lára irin aláìdógùn-ún tó ní àfibọ̀ bíńtín". Ó gùn, mo mọ̀. Ẹni tó bá lè gé e kúrú láìjẹ́ pé "ìtakò" tún wọlé, kó jọ̀ọ́ kọ tirẹ̀ wá.