Mo fẹ́ fẹ̀yìntì kúrò ní Houston, ṣé kí n padà s'Íbàdàn ni àbí ibòmíì? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Nọ́ọ̀sì_Houston

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo máa pé ọdún 65 lóṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀, ọdún 28 ni mo ti lò ní Houston, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, orúnkún mi ò gbà á mọ́, wákàtí 12 lórí ìdúró kì í ṣe nǹkan ọjọ́ orí mi. Sítísìn ni mí láti 2006. Bàbá àwọn ọmọ mi ti di olóògbé láti 2017, àwọn ọmọ mẹ́ta tí Ọlọ́run fún wa ti ń dá gbé, Texas níbí ni gbogbo wọn wà. A kọ́ ilé kan sí Akobo n'Íbàdàn, ó ku ọ̀dà àti gíláàsì fèrèsé. Tí mo bá gba Social Security mi, owó ìfẹ̀yìntì ti ìjọba, ní 65 ó máa tó bíi 2,100 dọ́là lóṣù, mo tún ní 401(k), owó ìfẹ̀yìntì tí mo fi pamọ́ níbi iṣẹ́, tí ò pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára mi, oògùn méjì ni mò ń lò fún un. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ta ilé tí mò ń gbé ní Houston kí n kó gbogbo ẹ̀ lọ 'lé, òmíì ní Portugal làwọn èèyàn ń lọ báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, tàbí tí òbí yín ti lọ, kí lojú yín rí? Ẹ sọ òótọ́ fún mi, bó bá tiẹ̀ korò.

Bàbá_Bódìjà

Nọ́ọ̀sì wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn. Maryland lèmi ti wá, 2019 ni mo padà s'Íbàdàn. Owó Social Security máa tẹ̀ lé yín débi tẹ́ ẹ bá lọ, àfi àwọn orílẹ̀-èdè díẹ̀ bíi Cuba àti North Korea tí wọn kì í sanwó ọ̀hún sí. Èmi ò jẹ́ kí tèmi wọ báǹkì Nàìjíríà o, akáǹtì mi tó wà ní Maryland ló ń wọ̀, èyí tí mo bá fẹ́ ná ni mò ń fi ránṣẹ́ sí dom akáǹtì mi, akáǹtì dọ́là, níbí, torí náírà yìí, ẹ̀yin náà kúkú rí i, ìbẹ̀rẹ̀ June 2023 dọ́là kan ò tíì tó náírà 500 ní báǹkì, kí 2024 tó parí ó ti lé ní 1,500, ẹni tó bá sì ti ṣẹ́ gbogbo owó ẹ̀ sí náírà kó tó di ìgbà yẹn, ojú ẹ̀ rí nǹkan.

Fọ́ọ̀mù kan wà tó ń jẹ́ SSA-7162, àwọn Social Security máa ń fi í ránṣẹ́ sáwọn tó ń gbé lókè òkun kí wọ́n lè mọ̀ bóyá èèyàn ṣì wà láyé. Tẹ́ ẹ ò bá kọ ọ́ kẹ́ ẹ dá a padà, owó máa dúró. Lẹ́tà tèmi ò dé ọwọ́ mi ní 2021, mo kàn rí i pé owó ò wọlé mọ́, ó tó oṣù mẹ́rin kó tó tún bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ló ń bọ́ mi. Àtìgbà yẹn èmi fúnra mi ni mò ń béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Àwọn tí mo rò pé a jọ máa jókòó sídìí ayò nírọ̀lẹ́, ìdajì wọn ti lọ. Ó tó ọdún méjì kí n tó láwọn ọ̀rẹ́ tuntun. Nítorí náà ẹ má tíì ta ilé Houston, ẹ fi háyà, ẹ wá gbé Akobo fún ọdún kan gbáko, kí òjò àti ọyẹ́ bá yín níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó pinnu.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Atlanta

Màmá, ẹ jẹ́ n sọ ti bàbá mi, ó ṣì ń dùn mí títí dòní. 2015 ni wọ́n fẹ̀yìntì lọ s'Ábẹ́òkúta, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n pé 65. Ẹnì kan sọ fún wọn pé Medicare, ìnṣọ́ránsì ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fáwọn àgbàlagbà, kì í sanwó ìwòsàn ní Nàìjíríà, òótọ́ sì ni, pé kí ni wọ́n wá fẹ́ máa sanwó Part B, apá tó ń sanwó dókítà, fún, ni wọn ò bá gbà á. Part A, apá ti ọsibítù, nìkan ni wọ́n ní, torí ọ̀fẹ́ nìyẹn fẹ́ni tó bá ti ṣiṣẹ́ tó sì sanwó orí ẹ̀ fún ọdún 10. Gbogbo ẹ̀ ń dùn títí di March 2021 tí rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n lóru. Ọsibítù àkọ́kọ́ ní kò sí bẹ́ẹ̀dì, ìkejì ní ká sanwó sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn wọ́n, àbúrò mi ń wá káàṣì kiri láàárín òru, ilẹ̀ ti mọ́ kí dókítà tó rí wọn.

A gbé wọn padà sí Atlanta ní May. Ibẹ̀ la ti wá mọ̀ pé ẹni tí ò bá gba Part B nígbà tó yẹ, January sí March nìkan ló lè padà wá forúkọ sílẹ̀. A dúró di January 2022, kò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di July. Part A gbọ́ ti bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, àmọ́ owó dókítà, owó àwọn tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa tún rìn, àpò èmi àti àwọn àbúrò mi ló ti jáde. Wọ́n ti tún un ṣe díẹ̀ o, láti 2023 oṣù tó bá tẹ̀ lé èyí tẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀. Ìtanràn ṣì wà níbẹ̀ ṣá, ìdá 10 nínú 100 lórí ọdún kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá fi fò ó, ẹ ó sì máa san án lọ bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún 6 ni wọ́n kà fún bàbá mi, ìdá 60 ni wọ́n fi lé e. 185 dọ́là ni Part B lóṣù ní 2025. Mo bẹ̀ yín Màmá, ẹ gbà á, kẹ́ ẹ máa san án.

Alhaji_Òṣogbo

Ọlọ́run á fún bàbá yín lálàáfíà, ọmọ Ẹ̀gbá. Èmi ò gba Part B, mi ò sì kábàámọ̀ ẹ̀, torí mi ò ní padà sí Amẹ́ríkà láéláé, Òṣogbo ni wọ́n máa sin mí sí. Owó tí ǹ bá máa san lóṣooṣù, mò ń kó o jọ lọ́tọ̀ ní dọ́là fún àìsàn, mo ra ìnṣọ́ránsì ìlera níbí, mo sì ní dókítà kan n'Ífẹ̀ tó mọ gbogbo ara mi. Ẹ má dúró dọjọ́ tí àìsàn dé kẹ́ ẹ tó wá dókítà o, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá dé ni. Ṣùgbọ́n Màmá lọ́mọ mẹ́ta ní Texas, ẹsẹ̀ wọn ò lè yà níbẹ̀, nítorí náà tèmi lè má bá wọn mu.

Ilé Akobo yẹn, ìwé ilẹ̀ ẹ̀ ńkọ́? Kẹ́ ẹ tó ra gíláàsì kankan, ẹ jẹ́ kí lọ́yà gbé sọ́fè lọ wò ní Sẹkitéríàtì l'Ágodi, kó rí i dájú pé ilẹ̀ náà mọ́. Ẹ fi owó sí sólà, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀ ńlá, epo ti wọ́n jù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà káàkiri, èyí tó ti òkè òkun wá ló nira: látìgbà tí GSK, ilé iṣẹ́ apòògùn, ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ ní 2023, Ventolin, oògùn asthma tí ìyàwó mi ń fà sẹ́nu, ti wọ́n kọjá ààlà, àwọn ọmọ wa ló ń gbé e wá.

Akáúńtáǹtì_Dallas

Ẹ kú ìjókòó. Iṣẹ́ owó orí ni mò ń ṣe. Màmá, ẹ kọ́kọ́ bi Social Security nípa ti ọkọ yín tó ti lọ. Tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ níbí tó, opó lè máa gba ti ọkọ ẹ̀ láti ọmọ ọdún 60, kó fi tiẹ̀ sílẹ̀ kó máa pọ̀ sí i. Ní 67 ni tiyín máa pé, lẹ́yìn ìyẹn ìdá 8 nínú 100 ló ń gorí ẹ̀ lọ́dọọdún títí di 70, ẹ wá lè pààrọ̀ ẹ̀ nígbà náà. Àwọn opó tí ò mọ èyí pọ̀ jù, ó máa ń bà mí nínú jẹ́.

Níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣì jẹ́ sítísìn, gbogbo owó tó ń wọlé fún yín níbikíbi láyé lẹ ó máa kọ fún IRS, àwọn agbowó orí Amẹ́ríkà, lọ́dọọdún, June 15 dípò April 15 ni wọ́n máa fún yín, kò sì sí àdéhùn owó orí láàárín Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà. Ìyọ̀ǹda táwọn èèyàn ń gbọ́ fáwọn tó wà lókè òkun, owó iṣẹ́ ló wà fún, kò kan pẹ́ńṣọ̀n. Èyí tó ń kó àwọn èèyàn wa sí wàhálà jù ni FBAR, fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ fi ń sọ akáǹtì tẹ́ ẹ ní lẹ́yìn Amẹ́ríkà. Tí owó tó wà ní gbogbo akáǹtì yín lẹ́yìn Amẹ́ríkà bá lé ní 10,000 dọ́là lápapọ̀, bó jẹ́ ọjọ́ kan péré nínú ọdún, ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ ránṣẹ́. Dom akáǹtì wà níbẹ̀, akáǹtì náírà wà níbẹ̀, akáǹtì ẹgbẹ́ tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tí kì í ṣe owó yín rárá àmọ́ tẹ́ ẹ̀ ń fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì ẹ̀, ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ò kọ ọ́, bó jẹ́ àìmọ̀, ìtanràn ẹ̀ lè tó 10,000 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ fọ́ọ̀mù lásán ni, kò sówó orí lórí ẹ̀.

Ìmọ̀ràn Bàbá Bódìjà lórí ilé dáa, ṣùgbọ́n ẹ máa ka ọjọ́. Tẹ́ ẹ bá ti fúnra yín gbé inú ilé náà fún ọdún 2 nínú ọdún 5 tó ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ tà á, 250,000 dọ́là àkọ́kọ́ nínú èrè ẹ̀ kò ní owó orí. Tẹ́ ẹ bá fi háyà kọjá ọdún 3, ó ti bọ́ nìyẹn. Portugal: físà D7 ṣì wà fẹ́ni tówó ń wọlé fún, àmọ́ ẹ̀dínwó owó orí tó ń fa àwọn èèyàn lọ síbẹ̀, wọ́n ti tì í fáwọn tuntun ní 2024.

Àǹtí_Chapala

Èmi ò lọ 'lé, mi ò sì lọ Portugal. Ajijic ni mo wà, létí adágún Chapala ní Mexico, àwọn àgbàlagbà ará Amẹ́ríkà àti Kánádà pọ̀ níbí. Mo yàn án torí pé láti Guadalajara sí Houston, bíi wákàtí méjì àbọ̀ lọkọ̀ òfurufú. Medicare ò sanwó níbí náà, àmọ́ mo lè wọkọ̀ láàárọ̀ kí n wà lọ́dọ̀ dókítà mi lọ́sàn-án. Consulate wọn tó wà ní Amẹ́ríkà lẹ ti máa gba físà kẹ́ ẹ tó lọ, ìwé ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ ń fúnni, ẹ ó tún un gbà fún 3 sí i, lẹ́yìn ẹ̀ ó lè di ti títí lọ.

Àmọ́ ẹ ní ká sòótọ́. Mi ò rẹ́ni bá sọ Yorùbá níbí. Ọjọ́ tí ìyá mi kú, àwọn aládùúgbò gbé oúnjẹ àti òdòdó wá, wọ́n ṣe dáadáa gan-an, ṣùgbọ́n kò sẹ́nì kan tó lè bá mi ki oríkì ẹ̀. Ẹ rò ó mọ́ ọn.

Àbíkẹ́yìn_NJ

Fẹ́ni tó bá ń kà á tó jẹ́ gíríìn káàdì ló ní, tiyín yàtọ̀ o. Tẹ́ ẹ bá lò ju ọdún kan lọ lẹ́yìn Amẹ́ríkà láìgba re-entry permit, ìwé àtipadà wọlé, ẹ lè pàdánù káàdì yẹn. SSI, owó ìrànwọ́ ìjọba fáwọn àgbàlagbà tí ò lówó, sì máa ń dúró tẹ́ ẹ bá ti lo ọjọ́ 30 níta. Ìyá mi kọ́ ọ lọ́nà tó le.

Nọ́ọ̀sì_Houston

Ẹ ṣé gan-an, mo ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ti bàbá ọmọ Ẹ̀gbá ni mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn, torí irú wọn ni mò ń tọ́jú lójoojúmọ́. Màá gba Part B. Mi ò ní ta ilé, màá fi háyà, màá sì kọ ọjọ́ tí ọdún 3 máa pé sára ògiri. Lọ́jọ́ Ajé mo máa pe Social Security nípa ti bàbá àwọn ọmọ, mi ò mọ̀ rárá pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Àǹtí Chapala, ẹ pa mí lẹ́kún, ẹ kú àmúmọ́ra. Ìbéèrè kan ló kù: báǹkì mi máa ń fi kóòdù ránṣẹ́ sórí fóònù kí n tó wọlé, tí mo bá ti dé Akobo ńkọ́?

Bàbá_Bódìjà

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà Houston yẹn kú. Ẹ gbé e sórí Google Voice, fóònù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà níbẹ̀, ẹ ò ní lè ṣe é láti ibí. Báǹkì míì wà tí kóòdù wọn kì í wọ Google Voice, fún irú ìyẹn, láìnì olówó kékeré tó ní Wi-Fi calling lèmi ń lò. Ẹ dán an wò fún oṣù kan kẹ́ ẹ tó wọkọ̀. Ìyàwó mi ní kí n sọ fún yín pé òun mọ ẹni tó ń kunlé dáadáa ní Akobo, tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán ẹ kọ̀wé sí mi.