Black Panther ti Ta-Nehisi Coates: ṣé òkìkí ẹ̀ ò ti ju iṣẹ́ inú ẹ̀ lọ?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Ẹ kú ilé o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kọ́míìkì Black Panther tí Coates, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà, kọ kà tán, ẹlẹ́ẹ̀kẹta mi nìyí, ìyìn tá à ń dà lé e lórí ò sì yé mi mọ́. Nígbà tí ìwé kìn-ín-ní jáde lóṣù kẹrin 2016, iye tí àwọn tó ń tà á kó lé ní 250,000. Coates ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀bùn National Book Award lọ́dún 2015 ni, torí náà kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i ni wọ́n ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá.

Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dáa, mi ò ní parọ́. T'Challa, ìyẹn Black Panther fúnra ẹ̀, ọba Wakanda, ilẹ̀ àròsọ kan ní Áfíríkà, wà lórí ìkúnlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lójú, àwọn awakùsà tirẹ̀ ló dìde sí i yẹn. Brian Stelfreeze ya ojú ọba yẹn débi pé mi ò tètè ṣí ewé kejì. Àmọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀. Tetu olórí ọlọ̀tẹ̀ ń bá Changamire olùkọ́ rẹ̀ jiyàn, Shuri àbúrò ọba ń gbọ́ ìtàn ní Djalia, ibi tí ìrántí àwọn baba ńlá Wakanda wà, T'Challa ń dá ronú. Àbúrò mi ní kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìwé mẹ́ta fún òun, gbólóhùn méjì péré ni mo rí sọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti 2017. Coates ní àwọn òòṣà Wakanda pòórá, Orisha ló sì pè wọ́n. Ara mi yá gágá! Ìgbà tí mo máa rí orúkọ wọn: Thoth, Ptah, Bast, ti Íjíbítì. Mujaji, orúkọ ayaba òjò ilẹ̀ South Africa. Kokou. Ògún dà? Ọ̀ṣun dà? Orúkọ tiwa ni wọ́n fi bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀, a ò sì sí níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Kétu:
Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, ẹ rọra. Ẹni tó bá gbé orílẹ̀-èdè Benin mọ Kokou. Mo ti rí àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbàdo àti epo pupa kun ara, tí wọ́n ń jó. Ọ̀dọ̀ àwọn Fọ̀n àti Ewe ló wà, lóòótọ́, kì í ṣe ti Yorùbá. Ṣùgbọ́n ta ló pààlà sáàárín wa? Gu tiwọn ni Ògún, Fá tiwọn ni Ifá. Wakanda kì í sì í ṣe Ifẹ̀. Inú mi dùn pé ọmọ wa kan ní Amẹ́ríkà tiẹ̀ mọ orúkọ Kokou.

Àjàní Aláwòrán:
Black Panther ti Christopher Priest ni kẹ́ ẹ lọ kà. Ọdún 1998 ló bẹ̀rẹ̀, ìwé 60 nínú 62 ló kọ, òun ló sì dá àwọn Dora Milaje, àwọn obìnrin tó ń ṣọ́ ọba, sílẹ̀. Òyìnbó kan, Everett Ross, ló ń sọ ìtàn, kì í sì í tò ó tẹ̀ léra, síbẹ̀ ẹ ò ní lè gbé e sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Coates ṣe tó mú mi lọ́kàn. Aneka, ọ̀kan nínú àwọn Dora Milaje, pa baálẹ̀ tó ń fìyà jẹ àwọn obìnrin, ìyá ọba dájọ́ ikú fún un, Ayo olólùfẹ́ rẹ̀ sì wọ ẹ̀wù irin, ó fọ́ ẹ̀wọ̀n, ó gbé e jáde. Láti ibẹ̀ ni ìlú ti ń bi ara rẹ̀ bóyá ọba tiẹ̀ yẹ kó wà. Àwa tí Ọ̀yọ́ Mèsì wa máa ń gbé igbá fún Aláàfin láyé àtijọ́, ṣé ọ̀rọ̀ yẹn lè ṣàjèjì sí wa? Ẹ padà ka ìwé kejìlá, níbi tí T'Challa ti gbà kí ará ìlú bá òun dá sí ìjọba.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé mà, mi ò mọ Kokou tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Àjàní, mo gbà fún yín lórí Ayo àti Aneka. Òwúrọ̀ yìí ni mo tún ṣí ibi tí Ayo ti fọ́ ẹ̀wọ̀n yẹn, mo sì pe ọmọbìnrin mi kó wá wò ó. Ìwé méjìlá àkọ́kọ́ ni màá fún un. Ti Orisha yẹn, tó bá dé ibẹ̀, èmi fúnra mi ni màá jókòó tì í, kí n sọ èyí tó jẹ́ tiwa fún un.