Irin olówó pọ́ọ́kú wo ni kí n fi yọ haidirójìn lára omi? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, Abẹ́òkúta ni mo wà

OmoLafenwa
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ. Mo wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì l'Abẹ́òkúta níbí, kẹ́mísìrì ni mò ń ṣe, pírójẹ́ẹ̀tì mi sì dá lórí kátálíìsì (ohun tó ń mú iṣẹ́ kẹ́míkà yá, tí òun fúnra ẹ̀ kì í tán) tí ò wọ́n tí wọ́n fi ń fi iná pín omi sí haidirójìn àti ọ́síjìn, súpáfáísọ̀ mi wá ní àfi kó jẹ́ onínánò (tí ẹ̀yà ara ẹ̀ kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i). Gbogbo pépà tí mo bá ṣí, níkẹ̀lì ni, kóbọ́ọ̀tì ni, mólíbídínọ́ọ̀mù ni, fọ́sífáìdì, sọ́fáìdì, orí mi ti fẹ́ dàrú. Owó ò sí lọ́wọ́, potentiostat (ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso fóòtì, tó sì ń wọn kọ́rẹ́ǹtì) ò sí ní láàbù wa, páwà sọ́púláì kan àti mítà la ní. Èwo ni kí n mú, níbo ni mo sì ti máa rí nǹkan rà? Ẹ ṣeun.

Akin_Iledi
Àbúrò, má jẹ́ kí pépà dà ọ́ lórí rú. Níkẹ̀lì pẹ̀lú irin (irin gangan tó máa ń dípẹtà ni mò ń wí) ni kó o mú, inú omi kọ́sítíìkì sódà ni kó o sì ti ṣe é, má gbé ásíìdì súnmọ́ ọ̀rọ̀ yìí rárá. Nínú ásíìdì, àwọn irin olówó iyebíye bíi pílátínọ́ọ̀mù àti irídíọ́ọ̀mù ló máa ń dúró, irídíọ́ọ̀mù tí gbogbo ayé sì ń wà jáde lọ́dún kan ò ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 7 sí 8 lọ, ta ló fẹ́ rà á fún ẹ? Nínú sódà, níkẹ̀lì lè lo ọdún gbọọrọ, òun náà ni àwọn iléeṣẹ́ ń lò.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni ìhà ọ́síjìn. Ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì ló ń rìn kí haidirójìn kan tó jáde, mẹ́rin ni fún ọ́síjìn, ibẹ̀ ni iná ti ń ṣòfò jù. Ìwé sọ pé 1.23 fóòtì ló yẹ kó pín omi, àmọ́ tó o bá dé iléeṣẹ́ wàá rí i pé 1.8 sí 2 ni wọ́n ń lò, àlàfo àárín méjèèjì yẹn ni kátálíìsì ń bá wa dín kù. Níkẹ̀lì nìkan, ó ń gbìyànjú ṣá, ṣùgbọ́n jẹ́ kí irin díẹ̀ wọ inú ẹ̀, wàá rí i pé ó yàtọ̀ pátápátá. Láti 1987 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Corrigan ti fi hàn pé kódà irin tó wà nínú omi sódà bí ìdọ̀tí lásán tó láti yí iṣẹ́ níkẹ̀lì padà, nígbà tó di 2014 àwọn Boettcher, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Oregon l'Amẹ́ríkà, tún fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé púpọ̀ nínú iyì tí wọ́n ń fún níkẹ̀lì, irin ló ni ín.

Ṣíṣe ẹ̀ ò le. Ra fóòmù níkẹ̀lì (níkẹ̀lì tó ní ihò káàkiri bíi kànrìnkànrìn), fi ásíìdì tí ò le jù fọ̀ ọ́ kó o fi omi ṣàn án, rì í sínú omi tó o po níkẹ̀lì náítírétì àti irin náítírétì sí (níkẹ̀lì mẹ́ta sí irin kan dáa láti bẹ̀rẹ̀), so ó mọ́ nẹ́gẹ́tífù páwà sọ́púláì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ àwọ̀ ẹ̀ á yí padà. Ohun tó hù sára ẹ̀ yẹn, pẹlẹbẹ tín-ń-tín tó to ara wọn bí ìpẹ́ ẹja, nánò tí súpáfáísọ̀ ẹ ń wá nìyẹn. Kò nílò autoclave (ìkòkò onírin tí wọ́n ń dé pa se nǹkan) kankan. Bọ ìbọ̀wọ́ o, iyọ̀ níkẹ̀lì kì í ṣe nǹkan à ń fọwọ́ kó.

Alaro_Itoku
Ẹ jẹ́ n dá sí i, èmi ò mọ kẹ́mísìrì o, adìrẹ ni mò ń ṣe. Kọ́sítíìkì sódà tí ẹ ń pè yẹn, òun la fi ń po aró l'Ìtòkú, kò ṣòroó rí. Èyí tí wọn ò tíì já ọ̀rá ẹ̀ ni kó o rà ọmọ mi, tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i ó ti bà jẹ́ nìyẹn. Sódà ni wọ́n ń dà sínú omi o, wọn kì í da omi lé sódà lórí, ó máa ń gbóná, ó sì ń ta sójú. Má sì fi ìkòkò alumí pò ó, á máa hó kùù, á jẹ ìkòkò náà tán.

DrBose
Ìyá wa, ẹ ṣeun gan-an. Ṣé ẹ mọ̀ pé haidirójìn gan-an ni afẹ́fẹ́ tó ń hó jáde lára ìkòkò alumí yẹn? Ọgbọ́n yẹn náà ni Murray Raney ará Amẹ́ríkà lò tó fi gba ìwé àṣẹ ìhùmọ̀ (patent) ní 1927: ó yọ́ níkẹ̀lì àti alumí pọ̀, ó jù ú sínú sódà, sódà jẹ alumí kúrò, níkẹ̀lì tó kù wá di ihò wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ káàkiri. Ojú tó lè ṣiṣẹ́ wá pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Kò sẹ́ni tó ń pariwo nánò nígbà náà.

OmoLafenwa, mo fara mọ́ ti Akin ní ìhà ọ́síjìn, àmọ́ má lo nǹkan kan náà ní ìhà haidirójìn. Níkẹ̀lì pẹ̀lú mólíbídínọ́ọ̀mù ló dáa jù níbẹ̀ nínú àwọn tówó wa ká, níkẹ̀lì sọ́fétì, sódíọ̀mù molybdate àti sítírétì, iná náà la fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Àléébù ẹ̀ ni pé mólíbídínọ́ọ̀mù máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú sódà, nítorí náà jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó o tó kọ pé ó dúró.

Tó o bá wá ń dán ìhà haidirójìn wò, jọ̀ọ́, má fi pílátínọ́ọ̀mù sí òdìkejì, ẹnikẹ́ni ì báà yá ẹ. Pílátínọ́ọ̀mù máa ń yọ́ díẹ̀, á lọ lẹ̀ mọ́ irin tìẹ, irin lásán á wá máa ṣe bí ọba. Ọ̀pá dúdú inú bátìrì tọ́ọ̀ṣì àtijọ́ sàn jù. Á máa rẹ́ dànù, omi á dúdú, pààrọ̀ ẹ̀ ni.

Solar_Kuto
Tí owó fóòmù ò bá sí, tẹ́ẹ́rẹ́ níkẹ̀lì tí àwa fi ń so bátìrì lítíọ́ọ̀mù pọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra, èyí tó pọ̀ jù lọ́jà irin ni, níkẹ̀lì ni wọ́n kàn fi kùn ún. Ẹ má gbọ́ tẹni tó ní kí ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì dán an wò, mágínẹ́ẹ̀tì ń gbé méjèèjì. Fi sáńdípépà ha ojú ẹ̀, rì í sínú omi iyọ̀ di ọjọ́ kejì, tó bá dípẹtà, ayédèrú ni. Ẹ má sì já bátìrì níkẹ̀lì-kádímíọ́ọ̀mù torí níkẹ̀lì, májèlé ni kádímíọ́ọ̀mù.

Wale_jen
Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé a ò lè fi eléyìí wa jẹnẹrétọ̀ báyìí, fúẹ́lì ti wọ́n jù

TisaFisiisi
Wale, rárá o. Kátálíìsì ò dá agbára kankan, ó kàn ń jẹ́ kó ṣòfò díẹ̀ ni. Kílò haidirójìn kan ń jẹ iná tó 50 sí 55 kWh, tó o bá sun ún padà, bíi 33 lo máa rí, jẹnẹrétọ̀ fúnra ẹ̀ á tún fi èyí tó pọ̀ jù ṣe ooru. Àwọn tó ń ta mọ́tò tí wọ́n ní omi ló ń wà á fún yín, ẹ sá fún wọn.

Fún OmoLafenwa tó ni pírójẹ́ẹ̀tì: o lè ṣe é láìsí potentiostat. Wọn gígùn àti ìbú irin ẹ, mú fóòtì lọ sókè díẹ̀díẹ̀, máa kọ kọ́rẹ́ǹtì sílẹ̀. 10 mílíáńpù fún sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó ni wọ́n máa ń fi ṣèdíwọ̀n, fóòtì tó o bá fi dé ibẹ̀ ni kó o fi wé ti níkẹ̀lì tó o ò fi nǹkan kan kùn. Lẹ́yìn náà da sìríńjì borí ìhà haidirójìn kó o gba afẹ́fẹ́ ẹ̀. Áńpù kan gbọ́dọ̀ fún ẹ ní bíi mílílítà 7.5 ní ìṣẹ́jú kan, tí tìẹ bá kéré gan-an sí i, afẹ́fẹ́ ń jò tàbí iná ń bá ibòmíì lọ. Má gba haidirójìn àti ọ́síjìn sínú ike kan náà láéláé, haidirójìn máa ń gbiná láti ìdá 4 títí dé 75 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́. Àti pé má da iyọ̀ sí i bí àwọn ti YouTube ṣe ń ṣe, kílórínì ló máa jáde.

OmoLafenwa
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ìyá mi, mo dúpẹ́ o. Níkẹ̀lì-irin ní ìhà ọ́síjìn, níkẹ̀lì-mólíbídínọ́ọ̀mù lódìkejì, màá gbé e lọ bá súpáfáísọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ìbéèrè kan ló kù, ṣé omi bọhóòlù ilé wa ò lè ṣe é?

Akin_Iledi
Kò lè ṣe é, kílóráìdì àti kálísíọ́ọ̀mù inú ẹ̀ á bo irin ẹ. Bẹ láàbù fún omi tí wọ́n sè gba ooru ẹ̀. Tó bá jẹ́ omi bátìrì lo máa rà, kọ́kọ́ ti lítímọ́ọ̀sì (pépà tó ń fi ásíìdì hàn) bọ̀ ọ́, torí àwọn kan lọ́jà ń ta ásíìdì bátìrì lórúkọ omi, o ò sì ní fẹ́ kí ìyẹn pàdé sódà Ìtòkú nínú bíkà ẹ.